Ọkọ mi AA, èmi AS: ibo ni SS ọmọ wa ti wá?

Ìyá ọmọ kan ló kọ̀wé sí mi láti ẹ̀gbẹ́ Mọ̀pà. Mo gé ìwé náà kúrú, mo sì yọ gbogbo orúkọ inú rẹ̀: “Ọ̀kun o, bàbá. Ọmọ mẹ́ta la bí. AS ni jẹ́nótáìpù mi, AA ni ti ọkọ mi, ìwé rẹ̀ wà nílé, ìjọ wa ló ní ká lọ ṣe é kí wọ́n tó so wá pọ̀. Àkọ́bí wa AA, èkejì AS. Àbíkẹ́yìn wa kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé wú, ó ń sunkún tọ̀sán tòru. A gbé e lọ sí Lọ́kọ́jà, wọ́n ní SS ni. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti ń bi mí pé níbo ni mo ti rí ọmọ. Ó ní ọmọ pupa, bàbá rẹ̀ dúdú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ A ni bàbá, ẹ̀jẹ̀ B ni èmi, ọmọ wá jẹ́ O. Ọkọ mi kò bú mi, àmọ́ kò gbé ọmọ náà mọ́. N kò mọ ọkùnrin mìíràn. Ṣé AA àti AS lè bí SS?”

Iye, Ọ̀kun o. Ẹ kú ìdààmú, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ìdáhùn ìbéèrè yín gan-an kò gùn: ẹni tó jẹ́ AA ní tòótọ́ àti ẹni tó jẹ́ AS ní tòótọ́ kì í bí SS. Bí mo bá sọ ohun mìíràn fún yín, mo fẹ́ fi irọ́ tù yín nínú ni. Àmọ́ ẹ padà wo ọ̀rọ̀ tí mo sọ: “ní tòótọ́.” Ohun tí ẹ ní nílé ni ìwé tí wọ́n kọ AA sí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ láàbù ní Kàbà àti agbègbè rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti fi ojú ara mi rí ìwé AA tí ẹ̀jẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe AA. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ibi tí ọmọ ti wá, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìwé ti wá.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ọmọ, nítorí òun ni kò lè dúró de ìpàdé ẹbí. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń wú lára ọmọ tó ti kọjá oṣù mẹ́fà ni ọ̀nà tí àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, ìyẹn àìsàn àwọn SS, sábà máa ń gbà kọ́kọ́ yọjú. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré, irú ẹ̀jẹ̀ kan tó fi gbé inú oyún, tí a ń pè ní F, ṣì pọ̀ lára rẹ̀, ó sì ń dáàbò bò ó. Bí F ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìrora ń wọlé. Nítorí náà ẹ má bínú sí ara yín pé ẹ kò tètè mọ̀. Ohun tó kàn ni kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé, ní Lọ́kọ́jà tàbí Ìlọrin, èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Wọ́n á fún un ní fólíìkì ásíìdì, oògùn tó ń dènà ibà, àti penisílíìnì tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún máa ń lò lójoojúmọ́. Ẹ bi wọ́n nípa oògùn kan tó ń jẹ́ hydroxyurea. Ó ti dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ ọmọ, àmọ́ ẹ má lọ rà á fúnra yín lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, torí wọ́n ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò lóòrèkóòrè bó ṣe ń lò ó. Ẹ má jẹ́ kó pàdánù abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Ẹ máa fún un lómi dáadáa, ẹ sì fi aṣọ bò ó nígbà ọyẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ètè àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun lójijì, tàbí bí abẹ́ ìhà òsì rẹ̀ bá wú tó sì le, kí ilẹ̀ má ṣe ṣú bá yín nílé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ forí lé. Ẹnì kan á sọ fún yín pé gbòǹgbò orin àta ló dáa jù. N kò bú u: àwọn onímọ̀ ní Ifẹ̀ ti yẹ gbòǹgbò náà wò láti àwọn ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé ó ń ṣe nǹkan sí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ìgò. Ọmọ yín kì í ṣe ìgò. Ẹ má fi rọ́pò oògùn dókítà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ogún. Ọ̀pọ̀ wa la dàgbà sí ìgbàgbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ti ìyá ń pò mọ́ra nínú ọmọ bí ògì àti omi gbígbóná, pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ bá lágbára jù ni ọmọ ń jọ. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ mú obì gbànja kan lọ́wọ́. Awẹ́ méjì ló ní. Bẹ́ẹ̀ ni ogún ara wa ṣe rí. Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ara ń kọ́, awẹ́ méjì ni olúkúlùkù wa ní, ìyá fún wa ní ọ̀kan, bàbá fún wa ní ọ̀kan. Awẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Nígbà tó bá kan àwa náà láti bímọ, awẹ́ kan ṣoṣo la máa ń fà yọ nínú obì tiwa, ẹnìkejì á fa ọ̀kan yọ nínú tirẹ̀, méjèèjì á wá di obì tuntun. Kò sẹ́ni tó ń yan èyí tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́, inú òkùnkùn la ti ń mú un. Awẹ́ kan kì í sì pò mọ́ ìkejì. Bí ọmọ bá gba awẹ́ tí kò hàn lójú, ó wà níbẹ̀ digbí, ó lè dọjọ́ ọmọ-ọmọ kó tó tún jáde.

Gregor Mendel, ọkùnrin ilé ìsìn kan ní ìlú Brno ní Yúróòpù, ló rí ọ̀rọ̀ yìí lára ẹ̀wà tó ń gbìn sí ọgbà. Ó da ẹ̀wà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú pọ̀ mọ́ èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, gbogbo ọmọ wọn pọ́n, àfi bí ẹni pé àwọ̀ ewé ti kú. Ó tún àwọn ọmọ náà gbìn, àwọ̀ ewé padà wá nínú bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọdún 1865 ló ròyìn rẹ̀, wọn kò kà á sí, àfi ìgbà tó di 1900. Àwa kò sì nílò láti lọ dé Brno. Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Òkun, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Bùnú, tí wọn kò ti mọ tọkọtaya dúdú kan tó bí àfín. Bàbá gbé awẹ́ àfín kan pamọ́, ìyá gbé ọ̀kan pamọ́, àwọ̀ dúdú bo méjèèjì mọ́lẹ̀, àfi ìgbà tí awẹ́ méjì tó fara pamọ́ yẹn pàdé lára ọmọ kan. Àwọn àgbà wa ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tiwọn, pé ẹni òrìṣà ni. Ojú wọn rí i dáadáa pé ó lè wá láti ilé tí kò sí àfín kankan níbẹ̀.

A àti S náà, awẹ́ ni wọ́n. Orí hẹmoglóbìn ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé, ìyẹn ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Ìlànà tí ara fi ń ṣe é gùn bí ìwé, ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú rẹ̀ tó fi di S. Onímọ̀ kan, Vernon Ingram, ló tú àṣírí yẹn ní àárín àwọn ọdún 1950. Nítorí ẹyọ kan yẹn, bí atẹ́gùn bá dínkù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní S méjì, hẹmoglóbìn rẹ̀ á so mọ́ ara wọn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí róbótó á tẹ̀ bíi dòjé, á há sí ojú ọ̀nà tóóró, ibi tó há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní A kan àti S kan kì í ṣàìsàn yẹn. Kódà, ibà ẹ̀fọn kì í rí i pa bó ṣe ń pa ọmọ AA, dókítà kan, Anthony Allison, ló fi èyí hàn ní 1954. Ìdí nìyẹn tí S kò fi tán ní ilẹ̀ ẹlẹ́fọn bíi tiwa: awẹ́ kan ṣoṣo rẹ̀ ń gba ẹ̀mí là, awẹ́ méjì ló ń dá lóró. Ó súnmọ́ èèyàn kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà tó jẹ́ AS, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀, torí kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n. Nígbà tí mo bá rántí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi abẹ kọ lára nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n ń pè ní àbíkú, mo máa ń rò ó pé mélòó nínú wọn ló jẹ́ SS tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Ibà àti èéyi pa ọmọ púpọ̀ nígbà náà.

Ẹ wá fi ojú yìí wo àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká gbà pé AS ni ọkọ yín, pé ìwé ló ṣì í. Ẹ̀yin ní awẹ́ A àti awẹ́ S, òun náà ní A àti S. Àkọ́bí fa A lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ó di AA. Èkejì fa A lọ́wọ́ ẹnì kan, S lọ́wọ́ ẹnìkejì, ó di AS. Ẹ̀kẹta fa S lọ́wọ́ méjèèjì. Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tó ta kókó. Àwọn èèyàn á ní, “Bó bá jẹ́ AS ni, kí ló dé tí ọmọ méjì àkọ́kọ́ kò fi ní in?” Torí pé ní oyún kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin pé kó jẹ́ SS, ìdá mẹ́ta pé kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó ju ìdajì àwọn tọkọtaya AS méjì tí ọmọ méjì wọn àkọ́kọ́ kò ní jẹ́ SS. Kódà tí wọ́n bá bí mẹ́rin, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni kò ní ní SS kankan nílé, wọ́n á sì máa búra fún àwọn ará àdúgbò pé AS àti AS kò ṣe nǹkan kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n rò pé ìdá kan nínú mẹ́rin túmọ̀ sí ọmọ kan nínú mẹ́rin, pé bí ẹnì kan bá ti gbé SS, ó ti gbà á tán fún àwọn yòókù. Obì kì í rántí. Oyún tó bá tún dé, ìdá kan nínú mẹ́rin kan náà ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó tún bímọ.

Báwo ni ìwé ṣe ń ṣì? Ẹ jẹ́ n mú yín wọ láàbù. Ọ̀nà méjì la fi ń ṣe àyẹ̀wò yìí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí kò wọ́n ni kí a da ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ pọ̀ mọ́ oògùn kan tó ń fa atẹ́gùn kúrò lára rẹ̀, ká fi awẹ́ gíláàsì bò ó, ká sì wo ó lábẹ́ ẹ̀rọ asọǹkan-dńlá. Bí a bá rí sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé, S wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ló lè sọ. Kò lè sọ bóyá AS ni tàbí SS. Bí oògùn náà bá sì ti pẹ́ nínú ìgò tí agbára rẹ̀ ti lọ, tàbí tí ẹni tó ń wò ó bá kánjú, sẹ́ẹ̀lì kò ní tẹ̀, wọ́n á kọ AA sí i, wọ́n á gba owó. Ọ̀nà kejì ni electrophoresis, irú èyí tí Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi mọ̀ ní 1949 pé hẹmoglóbìn àwọn aláìsàn yìí yàtọ̀. A máa fi omi tú ẹ̀jẹ̀ náà, a ó fi ìlà tóóró rẹ̀ sórí bébà pẹlẹbẹ kan, a ó gbé bébà náà sínú ọpọ́n olómi, a ó wá tan iná sí i. Hẹmoglóbìn A ló máa ń sáré lọ síwájú jù, S máa ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn, C, irú mìíràn tí mo ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ rẹ̀, máa ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn gan-an. Ìlà méjì fún AS, ìlà kan níwájú fún AA. Ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti aláìsàn lórí bébà kan náà, ká lè fi wé ara wọn. Láàbù tí kò bá ní in, ojú lásán ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bí NEPA bá wá mú iná lọ ní ìdajì ọ̀nà, ìlà méjèèjì á ṣì wà pọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó yẹ ni kí a tún un ṣe. Ẹni tí èrò ń dúró dè níta lè má tún un ṣe.

Èmi náà ti ṣì í rí. Ọkùnrin méjì tí orúkọ wọn bára mu wá lọ́jọ́ ọjà kan, orúkọ ìnagijẹ nìkan ló yàtọ̀, mo sì kọ orúkọ sára ìgò lẹ́yìn tí mo ti fa ẹ̀jẹ̀ tán dípò kí n kọ ọ́ ṣáájú. Èsì ti ìkíní lọ sọ́dọ̀ ìkejì. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn tún àyẹ̀wò ṣe níbòmíràn, ó padà wá, ó tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú mi láìsọ̀rọ̀. Látìgbà náà n kò kọ orúkọ sára ìgò mọ́ láìjẹ́ pé ẹni náà ka orúkọ rẹ̀ sí mi létí. Irú kejì tún wà tí kì í ṣe àṣìṣe. Ọmọkùnrin kan tí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ti súnmọ́ bẹ̀ mí pé kí n sọ AS òun di AA fún pásítọ̀, wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn. Mo lé e jáde. Ṣùgbọ́n n kò rò pé gbogbo ẹni tó lọ bá ló lé e. N kò sọ pé ọkọ yín ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó máa gbé ìwé tí wọ́n fún un kiri pẹ̀lú ọkàn kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́ ibi tó ti ṣe é, àti bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe é.

Ọ̀nà méjì mìíràn tún wà tí ìwé lè fi jẹ́ AA tí ọmọ á sì ṣàìsàn. Àkọ́kọ́ ni C. Lápá ìwọ̀-oòrùn odò Ọya, láàrin àwa Yorùbá, C kò ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó jẹ́ AC, bí wọ́n bá fi àyẹ̀wò dòjé nìkan wò ó, kò ní tẹ̀, wọ́n á kọ AA. Òun àti AS lè bí SC, ọmọ SC náà máa ń ní ìrora, láàbù tó kánjú sì lè pè é ní SS. Èkejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní thalassaemia. Ẹni tó ní in kò ní S, kò ní C. Awẹ́ A rẹ̀ kan ni kì í ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe díẹ̀. Lórí bébà, ìlà A nìkan ló máa hàn, wọ́n á kọ AA, kò sì sí irọ́ níbẹ̀ níwọ̀n tí ojú lè rí. Bí ọmọ bá wá gba awẹ́ aláìṣiṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ bàbá, tó gba S lọ́wọ́ ìyá, S nìkan ni ara rẹ̀ á máa ṣe, ó sì máa jọ SS lórí bébà bí ìbejì. Kò wọ́pọ̀ níbí bíi S, àmọ́ ó wà. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ HPLC máa ń wọn iye hẹmoglóbìn kọ̀ọ̀kan, bí A2, irú hẹmoglóbìn kan tó máa ń kéré lára wa, bá ga lára bàbá ju bó ṣe yẹ lọ tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ sì kéré, ibẹ̀ ni dókítà á ti fura. Àwọn kan tún máa ń sọ pé S lè ṣàdédé hù nínú ọmọ láìwá látọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nínú ìwé ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi gbára lé e, ó ṣọ̀wọ́n ju kí ìwé ṣì lọ ní ọ̀nà tó jìn.

Ti àwọ̀ ọmọ kò tó ohun tí a ń jà sí. Jẹ́nótáìpù, ìyẹn AA, AS tàbí SS, rọrùn, obì kan ṣoṣo, awẹ́ méjì, ló ń pinnu rẹ̀. Awẹ́ tó ń ṣe àwọ̀ ara pọ̀ gan-an, èyí ń mú un pọ́n díẹ̀, èyí ń mú un dúdú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gíga. Ìdìpọ̀ mẹ́tàlélógún ni òbí kọ̀ọ̀kan fi ń di awẹ́ rẹ̀ fún ọmọ, ọ̀nà tí òbí kan ṣoṣo sì lè gbà di í lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ẹ wá fi ti òbí kejì lé e. Ohun tó yẹ kó yani lẹ́nu ni pé ọmọ ìyá tiẹ̀ máa ń jọra. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré sì máa ń funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo ẹbí tiyín náà, ẹ wo bàbá bàbá rẹ̀. Bí a bá ń sọ ọmọ ní Babátúndé nítorí pé ó jọ bàbá àgbà, a ti gbà nìyẹn pé ìrísí lè fo ìran kan.

Ti ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀, A, B àti O, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ni, kò kan AA àti SS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà A ló ń pàdé nínú méjèèjì tó ń da àwọn èèyàn rú. O máa ń fara pamọ́ sábẹ́ A, ó sì máa ń fara pamọ́ sábẹ́ B. Bàbá tó jẹ́ A lè ní awẹ́ A àti awẹ́ O, ìyá tó jẹ́ B lè ní awẹ́ B àti awẹ́ O. Bí ọmọ bá gba O méjèèjì, O ni. Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ O àti O tí ọmọ wá jẹ́ A, ǹ bá ní kí a jókòó ká tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ẹ̀rí rẹ̀ yìí kò dúró. Bó bá sì jẹ́ pé AS ni àbúrò rẹ̀, inú ilé tí wọ́n ti jọ wá ni S yẹn ti wá, ó ṣeé ṣe kó wà lára òun náà. Kó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀ wò kí wọ́n tó mú àfẹ́sọ́nà wálé.

Mo ní láti sọ èyí tí kò dùn. N kò bá yín gbé, n kò sì lè fi ìwé dá ẹnikẹ́ni láre tàbí lẹ́bi. Bí wọ́n bá yẹ ọkọ yín wò lórí ẹ̀rọ tó péye, lẹ́ẹ̀mejì, tí S kò sí, tí C kò sí, tí kò sí thalassaemia, tí ọmọ sì jẹ́ SS síbẹ̀, ohun tó kù kò pọ̀: bóyá wọ́n pààrọ̀ ọmọ ní ibi tí wọ́n bí i sí, èyí tó ṣọ̀wọ́n, tàbí bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹlòmíràn. Ìgbà yẹn ni àyẹ̀wò DNA tó ní ìtumọ̀. Itọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń nu, ti bàbá, ti ọmọ, ó sì dára kí wọ́n mú ti ìyá kún un. Bó bá ní ọkùnrin yìí kọ́, ọ̀rọ̀ tán. Bó bá ní òun ni, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọgọ́rùn-ún lójú. Àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì wúwo ju owó lọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń sáré lọ ṣe é láìtíì ronú ohun tí wọ́n á ṣe bí èsì bá dé, àwọn obìnrin kan sì ti fi ìbínú ní kí wọ́n lọ ṣe é. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó má ṣe jẹ́ ohun àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé ọkọ yín kò ní sinmi láìsí i, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ gbà á, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ohun tí mo bá ṣe, bí ẹ bá jẹ́ ọmọ mi, ni pé màá mú gbogbo ìdílé lọ lọ́jọ́ kan náà: ẹ̀yin, ọkọ yín, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yin náà, torí ìwé AS tiyín kò sàn ju ìwé AA tirẹ̀ lọ títí a ó fi tún un wò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní HPLC, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó wọkọ̀ kó má baà jẹ́ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye A, S, F, C àti A2 sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó. Ẹ má gba ìwé tí wọ́n kàn kọ lẹ́tà méjì sí. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára láìpẹ́ yìí, ẹ sọ fún wọn, torí ẹ̀jẹ̀ olóore lè wà lára rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, kó sì fi AS hàn lára ọmọ SS. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọkọ yín bá ti gba ẹ̀jẹ̀ láìpẹ́ yìí. Kí ẹ rí i pé wọ́n kọ orúkọ sára ìgò lójú yín kí abẹ́rẹ́ tó kan ara.

Ẹ má sọ fún ọkọ yín pé ẹ fẹ́ lọ fi hàn án pé kò ní láárí. Ẹ sọ fún un pé dókítà ń fẹ́ mọ ohun tó wà lára bàbá kó tó lè mọ oògùn ọmọ àti ewu oyún tó ń bọ̀, òótọ́ sì ni. Àbíkẹ́yìn yín á bẹ̀rù nígbà tó bá rí abẹ́rẹ́, á máa wá ọrùn tó máa dì mọ́. Ẹ fi nǹkan mìíràn dí ọwọ́ yín lákòókò náà, kó jẹ́ bàbá rẹ̀ ló máa gbé e.